Fíìmù Ẹlẹ́ṣin Tí Mo Fi Sílẹ̀ Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá máa mu tíì, kó lọ pò ó báyìí, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dá ọ̀rọ̀ dúró nítorí ṣúgà. Tọ́lá, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní kíṣìnnì. O ní, "Grandpa sọ pé òun máa ń ṣe fíìmù, ṣùgbọ́n mo ti wá a lórí fóònù, kò sí níbì kankan." Ẹ̀yin méjèèjì wá rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú. Láyé tiyín, ohun tí fóònù ò bá mọ̀, kò ṣẹlẹ̀ rí nìyẹn. Àmọ́ fíìmù mẹ́ta ni mo kọ, èmi náà ni mo sì darí wọn. Ẹṣin wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí ẹ ò fi rí ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín, kò sì dùn ún sọ.

Ẹ wo ìta lójú fèrèsé yẹn. Ojoojúmọ́ lẹ ń kọjá lára àwọn ẹṣin tí wọ́n so mọ́ orí koríko yẹn bí ẹ bá ń lọ mú bọ́ọ̀sì, ẹ kì í sì í wò wọ́n. Èmi, bí ọ̀kan bá ti yán, ọwọ́ mi á dúró sórí ohunkóhun tí mo bá ń ṣe. Ẹṣin tí wọ́n fi ṣéènì so, tó ń jẹ koríko yípo ojú kan náà bí ọwọ́ aago! Nígbà tiwa, bí ẹṣin bá ń bọ̀, ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ. Wàá gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kí etí tó gbọ́.

Iṣẹ́ ọkọ̀ sinimá ni mo kọ́kọ́ ṣe, ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà máa ń lọ láti ìlú dé ìlú. A ó ta aṣọ funfun sára ògiri ilé-ìwé, a ó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ fíìmù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo sísun. Fíìmù kábọ́ì ilẹ̀ Amẹ́ríkà la sábà máa ń gbé lọ, àwọn àtijọ́ tó ti gbó, tí òjò funfun ń rọ̀ lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kí n máa fi Yorùbá sọ ohun tí kábọ́ì ń sọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì wọn ò yé mi. Imú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àwọn fíìmù kan tilẹ̀ wà tí kò lóhùn rárá, ẹnu lásán ló ń mì. Èmi ni mo ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Bí kábọ́ì bá na ìbọn sí ẹnìkejì rẹ̀, màá ní, "Àkàndé, dá màálù bàbá mi padà!" Gbogbo ilé-ìwé á hó yèè.

Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀kan nínú àwọn tí kò lóhùn yẹn, mo rí i pé orúkọ ẹnì kan náà jáde lẹ́ẹ̀mejì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ wa. Ó ní, "Ẹni yẹn ló kọ ìtàn náà, òun náà ló tún darí ẹ̀."

Mo ní, "Wọ́n ń kọ ọ́ ni? Èmi rò pé wọ́n kàn ń gun ẹṣin kiri, tí kámẹ́rà ń sá tẹ̀ lé wọn."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Mi ò mọ ilé ẹni tó ni orúkọ yẹn, mi ò mọ bó ṣe gbé ayé rẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá mi. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ẹlẹ́ṣin tèmi.

Mi ò dé ẹnikẹ́ni ní fìlà ńlá bíi ti kábọ́ì o. Ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ wa ni mo kọ: àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn olè ẹṣin tó ń sá gba inú ọ̀dàn, opó tó ń gun ẹṣin ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọba láti lọ sọ ẹjọ́. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òkúta àti koríko ti pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Nígbà tí mo rí ilẹ̀ àwọn kábọ́ì lójú aṣọ, mo rò ó nínú ara mi pé ilé wa nìyí, àwọn òyìnbó ló wá yá a lò.

Wándé ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ dàgbà ní Ṣakí ni. Bàbá rẹ̀ ló ń sin ẹṣin fún àwọn ìjòyè. Wándé ò fẹ́ràn ẹṣin, ìwé ló fẹ́, ìyẹn ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìwé ò ṣeé ṣe tó bó ṣe rò, ó wá ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì ń gbé nítòsí Woolwich. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá, Àlàbí, ló dúró ti ẹṣin bàbá wọn. Àlàbí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní èjí. Tó bá gun ẹṣin, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹṣin parí sí tí Àlàbí ti bẹ̀rẹ̀. Kì í na ẹṣin. Ó máa ń sọ̀rọ̀ sí i létí ni, bí ẹni tó ń ṣòfófó. Òun ló gun ẹṣin nínú fíìmù mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wándé ní tirẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ la ń lò. Kò síbi tí wọ́n ti lè fọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nílé lákòókò yẹn, a máa ń fi agolo rẹ̀ rán ẹni tó bá ń wọ bàálù bọ̀ níbí, Wándé á pàdé rẹ̀, á gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ ẹ̀dà tí a máa gbé kiri, wọ́n á sì fi nẹ́gátíìfù pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn. Ìyá fíìmù là ń pè é, torí òun ló ń bí àwọn yòókù.

Ẹ̀yin á tẹ fóònù, ẹ ó wo ohun tí ẹ yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí kò bá dára ẹ ó pa á rẹ́. Àwa, tí a bá ya nǹkan lónìí, ó lè tó oṣù kan àbọ̀ ká tó mọ̀ bóyá ojú ẹnikẹ́ni hàn níbẹ̀. Róòlù fíìmù ò sì pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan la sábà máa ń ṣe é. Nínú fíìmù mi àkọ́kọ́, ìjòyè méjì jókòó lórí ẹṣin láyé àtijọ́, wọ́n ń jíròrò ogun. Bàbá kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn wọn, adìyẹ wà níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ké sí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Àwọn ìjòyè mi méjèèjì yíjú padà, wọ́n dáhùn pé, "Óò, a dúpẹ́, bàbá." Ọmọlúwàbí ni wọ́n, wọn ò lè má dáhùn. Bó ṣe wà nínú fíìmù nìyẹn. Ìlú kan ò sí tí a gbé e dé tí wọn ò ní kí a dá a padà síbẹ̀, kí àwọn tún rí bàbá oníkẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ kejì Iléyá la máa ń kọ́kọ́ fi fíìmù hàn ní Ṣakí, ní ọdọọdún. Àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, àwọn ẹlẹ́ṣin á ti gbé aṣọ aláràbarà wọ ẹṣin, wọ́n á ti yí ìlú ká, ilẹ̀ á ṣì máa rùn fún ẹran sísun títí di ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án a ó fi ẹní bo fèrèsé gbọ̀ngàn ìlú kó lè ṣókùnkùn. Èèyàn á kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n á dìde láàárín gbọ̀ngàn, á máa naka sí olè ẹṣin lójú aṣọ: "Ẹ̀yìn rẹ! Ọlọ́run ti mú ọ! Ẹ̀yìn rẹ!" Mo rí ọmọ ilé wa kan nínú bọ́ọ̀sì 472 lóṣù tó kọjá, fíìmù Yorùbá ló ń wò lórí fóònù, ó ti ki nǹkan bọ etí, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ẹni tó jókòó tì í ò mọ̀ pé èèyàn ń kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Fíìmù kẹta ló pa mí.

"Ẹṣin Ò Dúró" lorúkọ rẹ̀. Ìtàn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jí ẹṣin ìyá rẹ̀ gbé ni, tó lépa àwọn olè náà títí tó fi gba ẹṣin padà. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn Ṣakí tó da gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Mo fẹ́ kí Àlàbí fi ẹṣin sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà há. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ajá darandaran kan sá wọ àárín. Òógùn ti bo ẹṣin. Àlàbí sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀ iwájú, ó sì wò mí.

"Bọ̀dá, ẹsẹ̀ ẹṣin yìí ti wúwo. Ẹ jẹ́ ká fi í di ọ̀la."

Oòrùn ń lọ. Róòlù kan ló kù. Mo ké sí i láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé, "Bí ẹṣin bá dá ni, ṣebí ńṣe là ń tún un gùn! Èyí ò sì tíì dá ọ. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ bí obìnrin?"

Àwọn tó dúró ti wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, mo rí èjí ẹ̀. Ó gun ẹṣin.

Nígbà tó dé ìdajì òkúta, ẹṣin náà kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe é, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, Àlàbí sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ìró tí orí rẹ̀ ṣe nígbà tó gbá òkúta, kò lágbára. Bí ìgbà tí obìnrin gbé igbá omi kalẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta ló kú ní ilé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ kankan kó tó lọ.

Ẹ má bá mi sunkún, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú. Kámẹ́rà ò dúró lọ́jọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fíìmù, mo sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tún ìparí ìtàn náà kọ. Ẹni tó yẹ kó gba ẹṣin ìyá rẹ̀ padà, mo kọ ọ́ kó kú lórí òkúta. Mo sọ fún ara mi pé mo fi ń bu ọlá fún Àlàbí ni. Irọ́ ni. Ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo fi ojú kámẹ́rà rí láyé mi, ọwọ́ mi ò sì gbà kí n gé e jù nù.

Mo kọ lẹ́tà sí Wándé. Mo ní mo sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó sinmi, kò gbọ́, ó fẹ́ fi ẹṣin náà dárà lẹ́yìn tí a ti ṣíwọ́, ni ẹṣin bá dá a. Irú lẹ́tà kan náà ni mo kọ tí wọ́n kà fún ìyá wọn. Inú àpótí tí mo fi ti Wándé sí ni mo kó agolo fíìmù àti téèpù ohùn sí, mo sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ níbí.

Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù kan. Ó ní òun ti gba nǹkan, wọ́n ti ń ṣe é, kí Ọlọ́run tẹ́ Àlàbí sí afẹ́fẹ́ rere. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ká a lọ́wọ́ kò.

Fíìmù náà jáde, ó sì mú mi gbajúmọ̀. A gbé e dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Iléṣà, Àkúrẹ́. Tó bá ti kan ibi òkúta, àwọn èèyàn á dìde dúró, wọ́n á pariwo, lẹ́yìn náà wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n máa ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é tó fi dà bí òótọ́. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní iṣẹ́ wa nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Ẹ̀yin ò mọ bí iṣẹ́ ṣe ń kú. Ó máa ń kú díẹ̀díẹ̀, bí àtùpà tí epo ń tán nínú ẹ̀. Ọdún yìí gbọ̀ngàn kan á di ilé ìjọsìn, èyí tó tẹ̀ lé e òmíràn á di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí. Awakọ̀ mi lọ ń gbé epo. Ẹ̀dà fíìmù tó wà lọ́wọ́ mi, ooru àti ọ̀rinrin bà á jẹ́. Ọjọ́ tí mo ṣí agolo ti "Ẹṣin Ò Dúró," òórùn ọtí kíkan ló sọ sí mi nímú, ojú fíìmù ti ká jọ bí ewé gbígbẹ. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tèmi jó o, mi ò rí ẹwà kankan. Àmọ́ mo ń tu ara mi nínú pé ìyá rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí Bùkọ́lá, ìyá yín, gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí tó sì ní kí n máa bọ̀, gbogbo èèyàn rò pé nítorí ọmọ-ọmọ ni mo fi ń bọ̀. Ẹ dárí jì mí, nítorí nẹ́gátíìfù ni. Wándé ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ kan lọ́wọ́ torí òtútù. Mo béèrè kí a tó dé ìdí ọkọ̀ ojú irin. Ó ní, "Ilé-iṣẹ́ yẹn ti kógbá wọlé ó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n kó nǹkan inú ẹ̀ gbà." Mo ní ká lọ wá a. Ó bá mi lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó bá mi lọ. Nínú yìnyín, nínú òjò, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, ó wọ rélùwéè pẹ̀lú mi, a ń kan ilẹ̀kùn àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, òun ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á mi orí, òun á yíjú sí mi, á ní, "Wọ́n ní kò sí níbí." Ogún ọdún la fi jọ ń jọ́sìn ní ìjọ aláṣọ funfun ní Woolwich, láìwọ bàtà, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó sí.

Mo ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì. Tí mo bá ṣíwọ́, mo máa ń ya ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jà Woolwich, níbi tí wọ́n ń to fíìmù ilé jọ bí búrẹ́dì, èyí tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń tà á lọ́jọ́ kan pé èmi náà ti ṣe fíìmù rí. Ó ní, "Ah, Daddy! Part one àbí part two?" Mo ra iṣu, mo lọ sílé.

Ọdún kejì lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ṣe eré ìdíje Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn tó ń díje nínú ìbọn yínyìn wá sí Woolwich, ni kíndìnrín Wándé dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Mummy Fúnkẹ́, pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Daddy Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìwé ìfẹ̀yìntì Daddy Fúnkẹ́ nínú àpótí yìí, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́." Ilé wọn wà nítòsí Harrow Manorway, mo fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ó fi àpótí sí iwájú mi, ó lọ sí kíṣìnnì.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo bá nísàlẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń fọ fíìmù ló kọ wọ́n. Orúkọ mi ló wà lójú wọn, àdírẹ́sì Wándé ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń kó kúrò, kí n wá gbé fíìmù mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n tún sọ ọ́. Wọ́n tún sọ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ fọ́ọ̀mù: ṣé kí wọ́n fi ránṣẹ́, àbí kí wọ́n sun ún? Wọ́n fi kábọ̀nù ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n ti sàmì sí ibi tó ní kí wọ́n sun ún, ìbuwọ́lùwé Wándé sì wà níbẹ̀. Déètì tó wà lórí ẹ̀ fi hàn pé ó ti buwọ́ lù ú kí ẹ̀dà ti ọwọ́ mi tó bàjẹ́, kí n tó gbọ́ òórùn ọtí kíkan yẹn.

Mo gbé e wọlé tọ̀ ọ́. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Àwọn tó ń kọ́ rélùwéè tuntun ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Abbey Wood, gbogbo fèrèsé ń gbọ̀n.

"Wándé, kí lèyí?"

Ó wò ó. Kò tilẹ̀ ta gìrì. "O ti rí i."

"Ìwọ lo buwọ́ lù ú?"

"Èmi ni."

"O bá mi wá a! Nínú òtútù! O bá mi wá ohun tí o ti sun!"

Ó ní, "Jókòó." Mi ò jókòó. Ó ní, "Ta lo rò pé wọ́n pè láti bá wọn so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán? Òyìnbó tó ń ṣe é ò gbọ́ Yorùbá, ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan sí ẹnu ẹlòmíràn. Ó ní kí n wá ran òun lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sínú yàrá yẹn. Lẹ́tà rẹ wà lápò mi."

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò fọ́. Téèpù ló gbà á.

Ó ní, "Mo gbọ́ Àlàbí tó ní ẹsẹ̀ ẹṣin ti wúwo. Mo gbọ́ ìwọ náà. Mo gbọ́ àwọn tó rẹ́rìn-ín. Òyìnbó bi mí pé kí lẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ń sọ. Mo ní òwe ni. Ó ní kí n túmọ̀ ẹ̀, mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó ní òwe tó dára ni."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìyá wa wà láyé. Lẹ́tà rẹ ni wọ́n kà fún un, òun ló fi ń sùn. Pé ọmọ òun kú nínú ayọ̀, pé ńṣe ló ń fi ẹṣin dárà. Ṣé kí n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ̀? Nígbà tí òun náà fi máa kú, mo ti dákẹ́ pẹ́ jù." Ó mí, ó sinmi díẹ̀. "Àlàbí ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwọ gbé e káàkiri, ó ń ṣubú láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dá a dúró."

Mo ní, "Iṣẹ́ ayé mi ni."

Ó ní, "Àbúrò mi ni."

Mo fi lẹ́tà náà sórí ibùsùn, mo jáde. Mummy Fúnkẹ́ ń ké sí mi pé tíì ti délẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n kó tó bá a, ó sì bá a nínú yàrá kékeré, níbi tí mo dúró sí.

Mi ò padà lọ síbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lọ. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Síbẹ̀ mo bínú sí i, mo ṣì ń bínú sí i di bí mo ṣe jókòó yìí. Ì bá lù mí. Ì bá gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú kóòtù wá fún mi, ó sì bá mi rìn nínú yìnyín. Kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, ó kú.

Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yin náà lọ, ẹ rí mi tí mo sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Gbogbo èèyàn ní mo sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí a padà sílé wọn, Fúnkẹ́ ọmọ Wándé wá jókòó tì mí. Níbí ni wọ́n bí i, Yorùbá rẹ̀ ń ṣe ségesège, kì í pe àgbà ní ẹ, ṣùgbọ́n kékeré rẹ̀ ló ti máa ń fò mọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "Uncle, ṣé o mọ brother tí Daddy ní, Uncle Àlàbí? Daddy ń pe orúkọ ẹ̀ ní hospital. Kò sí fọ́tò ẹ̀ kankan. Báwo ló ṣe rí?"

Kò sí fọ́tò. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí Àlàbí ti ń gun ẹṣin, tó ń rẹ́rìn-ín, àfi nínú àwọn agolo tí Wándé ní kí wọ́n sun. Mo sọ fún un pé ó ga, pé ó ní èjí, pé ó máa ń sọ̀rọ̀ sí ẹṣin létí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó ní, "Báwo ló ṣe kú?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ fún un pé ó ní ẹsẹ̀ ẹṣin ti wúwo, pé èmi ni mo ní kó tún un gùn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe é, pẹ̀lú ẹnu ara mi. Mo sọ ti lẹ́tà pẹ̀lú. Mo ń dúró kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi.

Ó ní, "Okay. Thank you for telling me." Ó dìde, ó lọ bá àwọn àlejò tó kù.

A ṣì máa ń pàdé lọ́jà Woolwich, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kì í sá fún mi. Á dúró, á rọra tẹ orí ba díẹ̀, á ní, "Good afternoon, sir." Mo máa ń dá a lóhùn, mo máa ń béèrè ìyá rẹ̀. Ọmọ tí mo gbé jó nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Kì í pè mí ní Uncle mọ́, sir ló ń pè mí.